Omi Ni Kí Ẹ Máa Ṣọ́: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ẹ̀yìnkùlé Nígbà Òtútù ní Ìlú Ọba

Bí wọ́n bá ti dá aago padà ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbé Ìlú Ọba ló máa ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé pa, ó di ìgbà Ọdún Àjíǹde kí wọ́n tó tún ṣí i. N ò dá wọn lẹ́bi. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, ojúmọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù kì í pé wákàtí 8. Ẹni tó jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, tó wọlé lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú, ojú wo ni yóò fi rí ọgbà? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn yẹn pa pátápátá, òun náà ni yóò máa ra ata tuntun, ìkòkò tuntun, bóyá páìpù tuntun pàápàá, nígbà tí oòrùn bá dé.

Iṣẹ́ ibẹ̀ kò pọ̀. Wákàtí kan tàbí méjì ní òpin ọ̀sẹ̀ ti tó. Ohun tó ṣòro ni mímọ èyí tó yẹ kó ṣáájú. Òtútù ni gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù, àmọ́ omi ló ń ṣe iṣẹ́ ibi náà. Omi tó dì ló ń bẹ́ páìpù. Omi tó dúró sídìí ìkòkò ló ń mú kí gbòǹgbò ata rà. Omi tó rin ilẹ̀ amọ̀ ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí tí gbòǹgbò ò fi ní rí àyè wọ̀ ọ́. Òtútù gbígbẹ lásán, èyí tó pọ̀ nínú ewéko ilẹ̀ yìí ti mọ̀ ọ́n lára. Bí ẹ bá dé ẹ̀yìnkùlé tí ẹ ò mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ibi tí omi wà.

Gúúsù ilẹ̀ England ni mo ń bá wí jù: Lọ́ńdọ̀nù, Kent, Essex àti agbègbè wọn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Leeds, Manchester tàbí Glasgow, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ṣáájú wa, kí ẹ sì mú sùúrù jù wá lọ kí ẹ tó gbin nǹkan.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ gbé àwọn ará ilé wa wọlé

Kí oṣù Kẹwàá tó parí ni iṣẹ́ yìí. Bí òru bá ti ń lọ sí ìsàlẹ̀ 10°C léraléra, ata, ewúro àti efinrin kò gbọ́dọ̀ sùn níta mọ́. Tí ẹ bá dúró di àárọ̀ tí ìrì dídì bo koríko tí gbogbo rẹ̀ funfun, ẹ̀pa ò bóró mọ́: ewé ata yóò dúdú, yóò rọ jọ̀bọ̀tọ̀, kò sì ní jí.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan lẹ máa gbé wọlé o. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ọdún kan ni tiwọn. Ẹ gé orí tẹ̀tẹ̀ àti ti ṣọkọ tó ti gbẹ, ẹ gbọ̀n ọ́n sínú àpò bébà, ẹ jẹ́ kí hóró rẹ̀ gbẹ dáadáa nínú ilé, kí ẹ sì kọ orúkọ àti ọdún sára àpò náà. Hóró dúdú wẹ́wẹ́ tó ń dán ni méjèèjì. Lóṣù Karùn-ún, kò sí bí ẹ ó ṣe mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ùgú ní tiẹ̀, ìrì dídì kan ṣoṣo ti tó o. Ẹ má wulẹ̀ bá a jà.

Ata rodo ló yẹ kí ẹ ṣe wàhálà fún. Igi ata kì í ṣe nǹkan ọdún kan. Bí òtútù ò bá pa á, ó lè lo ọdún bíi mélòó kan, èyí tó sì la òtútù kan já máa ń tètè so ju èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn lọ. Ẹ mú èyí tó lágbára jù, ọ̀kan tàbí méjì. Ẹ má kó gbogbo wọn sínú pálọ̀.

1. Ẹ ká gbogbo ata tó kù lórí rẹ̀, àti tútù àti pípọ́n. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ kó o sí fìrísà bẹ́ẹ̀. Kò dìgbà tí ẹ bá sè é.

2. Ẹ gé igi náà kúrú. Ẹ fi ẹ̀ka méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀, kí gbogbo gíga rẹ̀ má ju bí 20 sẹ̀ǹtímítà lọ. Díẹ̀ sókè ojú ibi tí ewé ti yọ ni kí ẹ ti gé e, torí ibẹ̀ ni ẹ̀ka tuntun yóò ti jáde.

3. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìkòkò, ẹ gbọn ilẹ̀ àtijọ́ dànù, ẹ gé gbòǹgbò tó gùn jù, kí ẹ wá tún un gbìn sínú ìkòkò kékeré tó ní ihò nídìí, pẹ̀lú ilẹ̀ àpò tuntun, ìyẹn ilẹ̀ ìgbìn tí wọ́n ń tà nínú àpò.

4. Ẹ yí ewé tó kù lára rẹ̀ padà, ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni kòkòrò wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé àti eṣinṣin funfun kéékèèké máa ń fara pamọ́ sí. Ẹ fi omi ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, tàbí kí ẹ kúkú já gbogbo ewé náà dànù.

5. Ẹ gbé e síbi fèrèsé tó mọ́lẹ̀, nínú yàrá tí kò móoru jù tí kò sì lọ sí ìsàlẹ̀ 10°C. Ẹ má gbé e sórí rédíétọ̀.

Ó wá ku omi. Púpọ̀ nínú ata tó ń kú sínú ilé nígbà òtútù, kì í ṣe òtútù ló pa á, ẹni tó ni ín ló fi omi pa á. Igi tí kò ní ewé kì í mu omi púpọ̀. Ẹ fi ìka bọ ilẹ̀ rẹ̀ dé oríkèé kejì. Tó bá tutù níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ sì tún lè gbé ìkòkò náà sókè. Kò ní pẹ́ tí ọwọ́ yín á fi mọ̀ ọ́n, torí èyí tó gbẹ máa ń fúyẹ́ gan-an. Ìgbà tó bá fúyẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ bu omi bí ìdajì ife tíì sí i, kí ẹ sì da èyí tó bá jò sínú àwo ìsàlẹ̀ rẹ̀ nù. Ẹ má jẹ́ kí ìdí rẹ̀ rẹ sínú omi mọ́jú.

Gbogbo ewé rẹ̀ lè rẹ̀ dànù lóṣù Kejìlá, kó ku igi lásán. Ẹ má tíì jù ú nù. Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ fi èékánná ha èèpo rẹ̀ díẹ̀: tí abẹ́ rẹ̀ bá ní àwọ̀ ewé, tó sì tutù, ó wà láàyè. Tó bá ti gbẹ, ẹ tún ha ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò, kí ẹ gé e dé ibi tó ṣì tutù.

Ewúro kò nira tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gé e wálẹ̀, ẹ gbé e síbi tí ìrì dídì ò ti lè bá a. Ẹni tí kò ní àyè fún ìkòkò ńlá, kí ó gé ọ̀pá rẹ̀ bíi mélòó kan, kó kì wọ́n bọ inú ìkòkò kékeré. Bí a ṣe ń gbìn ín nílé náà nìyẹn. Efinrin, ẹ gé orí rẹ̀ sínú ife omi létí fèrèsé, bó bá ti ta gbòǹgbò kí ẹ gbìn ín.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ pa ẹ̀rọ omi ìta

Omi tó bá dì máa ń fẹ̀ sí i ní bí ìdá 9 nínú 100. Kò sí páìpù bàbà tó lè bá a dù ú. Èyí tó ń tan èèyàn jẹ ni pé páìpù tó bẹ́ kì í jò lọ́jọ́ tó bẹ́. Ìgbà tí yìnyín inú rẹ̀ bá yọ́, tí oòrùn ti ràn, tí ọkàn gbogbo wa ti balẹ̀, ni omi máa ń tú jáde lára ògiri. Lóṣù Kejìlá 2022, òtútù dì mọ́ wa lọ́rùn ju ọ̀sẹ̀ kan lọ ní gúúsù England. Nígbà tí yìnyín yọ́, páìpù bẹ́ káàkiri, ọ̀pọ̀ ilé ni kò sì rí omi lò.

Kí oṣù Kọkànlá tó parí, ẹ wá kọ́kì kékeré tó wà lára páìpù tó gba inú ògiri lọ síta. Abẹ́ síńkì ilé ìdáná ló sábà máa ń wà. Òmíràn ní ọwọ́ tí a fi ń yí i, òmíràn kò ní ju ojú tín-ín-rín kan tí a ń fi sukudíráfà yí. Bí ojú náà bá tẹ̀lé gígùn páìpù, omi ń lọ. Bí ẹ bá yí i kó dábùú páìpù, omi ti dúró nìyẹn. Ẹ wá jáde, ẹ ṣí ẹ̀rọ ìta, ẹ jẹ́ kí gbogbo omi tó kù nínú rẹ̀ ṣàn dànù, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí díẹ̀ di oṣù Kẹta.

Tí kò bá sí kọ́kì nínú ilé, ẹ ra ìbòrí fóòmù tó wà fún ẹ̀rọ ìta àti èyí tí wọ́n fi ń wé páìpù, kò wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ń háyà ilé, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí lánlọ́ọ̀dù lórí ìwé tàbí fóònù, kí ẹ̀rí wà, kó má di pé ẹ̀yin lẹ fà á.

Rọ́bà omi ńkọ́? Ẹ yọ ọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ da omi inú rẹ̀ nù, ẹ ká a, ẹ gbé e sínú ahéré. Bí ẹ bá ní àgbá tó ń gba omi òjò, ẹ jẹ́ kí omi inú rẹ̀ dín kù dé ìdajì, kí yìnyín lè rí àyè fẹ̀ sí.

Ìgbésẹ̀ 3: Àwọn ìkòkò tó máa sùn níta

Ẹ kó wọn jọ sídìí ògiri ilé, kí ara wọn máa kan ara wọn. Ògiri ilé tí èèyàn ń gbé máa ń móoru díẹ̀. Ẹ fi òkúta tàbí bíríkì pẹlẹbẹ mẹ́ta gbé ìdí ìkòkò kọ̀ọ̀kan sókè kí ihò ìdí rẹ̀ má bàa dí, kí òjò lè ṣàn jáde. Ẹ kó gbogbo àwo tí ẹ fi sábẹ́ wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kúrò. Ìkòkò amọ̀ ló nílò ìtọ́jú jù, torí omi máa ń wọ ara rẹ̀, bó bá sì dì, á bó, á sì là. Ẹ fi rọ́bà tí wọ́n fi ń di ẹrù ẹlẹgẹ́ wé ìkòkò náà yíká. Ìkòkò ni mo ní kí ẹ wé, n ò sọ pé kí ẹ fi rọ́bà bo ewé. Ewéko tí wọ́n fi rọ́bà bò máa ń làágùn sínú, á sì bu. Bí ó bá jẹ́ ewé ló nílò ààbò, aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń pè ní fleece ni kí ẹ lò, torí atẹ́gùn ń gbà á kọjá.

Ìgbésẹ̀ 4: Ewé jíjábọ́ àti koríko

Ewé tó bo koríko mọ́lẹ̀ kì í jẹ́ kó rí ìmọ́lẹ̀, ó sì máa ń dá omi dúró sórí rẹ̀. Ẹ fi réèkì kó o. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó ewé dáadáa fún káńsù lọ, kí ẹ tún wá fi owó ra kọ́ńpọ́sì lóṣù Kẹta. Ẹ rọ ọ́ sínú àpò ìdọ̀tí dúdú, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i tó bá gbẹ, ẹ so ó lẹ́nu, ẹ fi fọ́ọ̀kì lu ihò sí i lára, kí ẹ sì gbé e sẹ́yìn ahéré. Lẹ́yìn ọdún kan sí méjì, á ti di ilẹ̀ dúdú tó rọ̀, tó ń ta sánsán. Èyí tó bá pọ̀ jù, ẹ kó o jọ sí kọ̀rọ̀ kan fún hedgehog, ẹranko kékeré ẹlẹ́gùn-ún tó máa ń sùn jálẹ̀ ìgbà òtútù. Òun náà ló fà á tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ dáná sun igi tó ti kó jọ tipẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú u palẹ̀ wò.

Koríko kì í fi bẹ́ẹ̀ dàgbà bí ojú ọjọ́ bá ti wà nísàlẹ̀ bí 5°C, nítorí náà ẹ gbé ẹ̀rọ ìgékoríko pamọ́. Bí ìrì dídì bá wà lórí koríko, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Omi inú ewé rẹ̀ ti dì, ẹsẹ̀ yín á fọ́ ọ, ibi tí ẹ gbẹ́sẹ̀ sí á sì pọ́n láti ọjọ́ kejì. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò ní gbọ́.

Ibi tí omi ń dúró sí lórí koríko, ẹ dúró di ọjọ́ tó bá gbẹ díẹ̀, kí ẹ gún fọ́ọ̀kì wọ ilẹ̀ níbẹ̀ bí 10 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ mì í síwá sẹ́yìn, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ sún díẹ̀ kí ẹ tún gún un. Ẹ da iyanrìn ọgbà sí àwọn ihò náà. Mọ́ọ̀sì, ewéko múlọ́múlọ́ tó bo koríko ọ̀pọ̀ wa, àìráyè ṣàn omi yìí ló ń bí i. Oògùn mọ́ọ̀sì tí ẹ bá fi sí i láìtún ojú omi ṣe, owó ìdànù ni.

Ìgbésẹ̀ 5: Ilẹ̀ tí a ń gbin nǹkan sí

Amọ̀ ló pọ̀ lábẹ́ Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó bá ti gbẹ́ ẹ̀yìnkùlé níbẹ̀ ti mọ̀. Òfin kan péré ni mo ní fún ilẹ̀ amọ̀ nígbà òtútù: bí ilẹ̀ bá ń lẹ̀ mọ́ bàtà yín, ẹ padà sínú ilé. Bí ó bá jẹ́ dandan kí ẹ dé àárín rẹ̀ láti já ẹ̀fọ́, ẹ tẹ́ pákó gígùn kan sílẹ̀, kí ẹ máa rìn lórí rẹ̀. 

Ní ti kíkọ ilẹ̀, àwọn àgbà ọlọ́gbà ilẹ̀ yìí fẹ́ràn láti fi ṣọ́bìrì yí ilẹ̀ amọ̀ padà lóṣù Kọkànlá, kí wọ́n fi ògúlùtu rẹ̀ sílẹ̀ kí òtútù máa fọ́ ọ. Ó ń ṣiṣẹ́. Èmi kì í ṣe é mọ́, torí ẹ̀yìn mi, àti torí pé ekòló ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ hú koríko kúrò, ẹ tẹ́ kọ́ńpọ́sì tàbí ajílẹ̀ ẹṣin tó ti jinná sórí ilẹ̀ náà kó nípọn tó 5 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá fi máa di oṣù Kẹrin, ekòló á ti fa púpọ̀ nínú rẹ̀ wọlẹ̀. Ajílẹ̀ tó ṣì ń rùn, tó ṣì móoru láàárín, kò tíì tó lò. Ẹ kó o jọ sí kọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ẹ má jẹ́ kí ohun tí ẹ tẹ́ yìí kan ìdí igi, kí èèpo igi má bàa rà.

Ẹ̀yin tí ẹ gba ilẹ̀ allotment lọ́wọ́ káńsù mọ̀ pé odindi kan fẹ̀ tó bí 250 mítà onígun mẹ́rin (m²). Kò sẹ́ni tó lè fi kọ́ńpọ́sì bo ìyẹn tán. Ẹ tẹ́ páálí tí ẹ ti yọ téèpù kúrò lára rẹ̀ sórí ibi tí ẹ ò ní lò, ẹ fi òkúta tẹ̀ ẹ́, koríko ò ní rí ojú yọ.

Ìgbésẹ̀ 6: Ohun tó ṣì ń hù

Kéèlì ni baba ẹ̀fọ́ nígbà òtútù níbí. Bí òtútù bá mú un, ó máa ń sọ sítáàṣì ara rẹ̀ di ṣúgà kí omi inú ewé rẹ̀ má bàa tètè dì, ìdí nìyẹn tí ẹ̀fọ́ rírò tí wọ́n fi kéèlì oṣù Kìn-ín-ní sè fi dùn ju ti oṣù Kẹsàn-án lọ. Ẹni tó bá ní irọ́ ni kó sè é wò. Ewé ìsàlẹ̀ ni kí ẹ máa já, ẹ má fọwọ́ kan ọ̀mùnú àárín rẹ̀, á sì máa bá yín lọ títí di oṣù Kẹta. Ẹyẹlé igbó ni ọ̀tá rẹ̀. Nígbà tí oúnjẹ bá wọ́n fún wọn, wọ́n lè jẹ ẹ̀fọ́ yín ku kìkì igi láàárín ọjọ́ kan, nítorí náà ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó, kí ẹ fi ọ̀pá gbé nẹ́ẹ̀tì náà sókè kó má kan ewé, torí bó bá kan ewé, orí rẹ̀ ni wọ́n á bà sí tí wọ́n á fi máa jẹun.

Aáyù náà, ìgbà yìí ni tirẹ̀, láti oṣù Kẹwàá dé oṣù Kejìlá. Ó fẹ́ kí òtútù mú òun ni. Láìsí òtútù, odindi kan ni yóò ta, kò ní pín sí ọmọ. Ẹ tú u sí ọmọ kọ̀ọ̀kan láìbó èèpo rẹ̀, ẹ yan èyí tó tóbi, ẹ kì í bọlẹ̀ kí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sókè, kí ilẹ̀ bò ó ní bí 2.5 sẹ̀ǹtímítà. Kí àárín ọ̀kan sí èkejì jẹ́ 15 sẹ̀ǹtímítà, kí ìlà sí ìlà jẹ́ 30. Bí ẹyẹ bá fà á tu, ẹ tún un kì padà. Bí ilẹ̀ yín bá ń gba omi dúró, inú ìkòkò tàbí lórí ebè ni kí ẹ gbìn ín sí. Ní nǹkan bí oṣù Kẹfà sí Keje, tí ewé rẹ̀ bá ti ń pọ́n, ẹ wú u.

Ìgbésẹ̀ 7: Gígé igi

Igi ápù àti píà, láti oṣù Kọkànlá títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ni a ń gé e, nígbà tí kò ní ewé, tí ó ń sùn. Ẹ kọ́kọ́ gé èyí tó ti kú, lẹ́yìn náà èyí tó ń ṣàìsàn, lẹ́yìn náà èyí tó dábùú ara wọn tí wọ́n ń ha ara wọn. Ẹ wá jìnnà sẹ́yìn, ẹ wo igi náà. Àárín rẹ̀ yẹ kó ṣí sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ gbà á kọjá. Ẹ má gé ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ lọ́dún kan. Igi tí wọ́n bá gé jù á bínú, á ta ọ̀pá gígùn gbọnrangandan kálẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kò sì ní so.

Bí ẹ bá mú ẹ̀ka kan dání, ẹ wò ó dáadáa: ẹ ó rí ojú kéékèèké tó wú jáde lára rẹ̀. Ẹ yan ojú tó kọjú síta igi. Ẹ gbé sísọ́ọ̀sì ọgbà lé òkè rẹ̀, bí 5 mìlímítà péré, kí ẹ gé e ní dídagun, kí ibi tó ga jù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú náà, kí ìdàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì kọ ẹ̀yìn sí i. Òjò tó bá rọ̀ lé e á ṣàn sí òdì kejì, kò ní máa kán sí ojú náà lórí.

Plum àti ṣẹ́rì kì í ṣe ara wọn o. Bí ẹ bá gé e nígbà òtútù, àrùn kan tí wọ́n ń pè ní silver leaf lè gba ojú ọgbẹ́ rẹ̀ wọlé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ẹ máa gé wọn. Hydrangea, ẹ fi òdòdó gbígbẹ orí rẹ̀ sílẹ̀ títí di oṣù Kẹta tàbí Kẹrin, torí ó ń dáàbò bo ojú tuntun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Róòsì, òpin oṣù Kejì.

Igi ńlá tó ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó ra ilé, ẹ pe káńsù ná kí ẹ tó gbé ayùn. Òfin ń dáàbò bo àwọn igi kan, àwọn àdúgbò kan sì wà tó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ fi ọ̀sẹ̀ 6 sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Owó ìtanràn rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Igi tí ẹ gbìn ṣe ọgbà yíká, ẹ gé e kí oṣù Kẹta tó dé, torí láti ìgbà náà dé oṣù Kẹjọ ni ẹyẹ ń yé sínú rẹ̀, òfin ọdún 1981 sì lòdì sí kí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ ba ìtẹ́ tí ẹyẹ ń lò jẹ́.

Ìgbésẹ̀ 8: Ìjì, yìnyín àti irinṣẹ́

Ìjì Eunice ti ọjọ́ 18 oṣù Kejì 2022 fẹ́ dé ìwọ̀n máìlì 122 láàárín wákàtí kan ní Isle of Wight. Fẹ́ńsì tí ìdí òpó rẹ̀ ti rà kò lè dúró níwájú ìyẹn. Lóṣù Kọkànlá, ẹ fi ọwọ́ mi òpó kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń mì, ẹ tún un ṣe. Ẹ wo ìwé ilé kí ẹ tó bá aládùúgbò jà lórí ẹni tó ni ín.

Bí òjò dídì bá rọ̀, ẹ fi ìgbálẹ̀ gbọ̀n ọ́n kúrò lórí igi tí kì í wọ́wé àti lórí ilé gíláàsì, kí ẹrù rẹ̀ má bàa fọ́ wọn. Ẹ lè da iyọ̀ sí ojú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó ṣàn wọ inú ilẹ̀ tí ẹ ń gbin nǹkan sí. Ẹ bu omi sínú àwo pẹlẹbẹ fún àwọn ẹyẹ, kí ẹ máa fọ́ yìnyín orí rẹ̀.

Ṣọ́bìrì, àdá, sísọ́ọ̀sì: ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ gbẹ wọ́n, ẹ pọ́n wọn, ẹ fi epo nù wọ́n, ẹ gbé wọn kọ́. Ó tán.

Ìgbésẹ̀ 9: Ata ọdún tó ń bọ̀

Ata rodo máa ń pẹ́ kó tó so, nítorí náà ẹni tó bá dúró di oṣù Karùn-ún kó tó gbin hóró rẹ̀, ewé ni yóò jẹ. Láti òpin oṣù Kìn-ín-ní sí àárín oṣù Kejì ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè yọ hóró nínú ata tí ẹ rà ní ọjà Ridley Road tàbí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, kó ṣáà ti jẹ́ èyí tó pọ́n wẹ́ẹ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ má fọwọ́ nu ojú.

Ẹ bu ilẹ̀ àpò tó kúnná sínú ike kéékèèké, ẹ fi hóró kọ̀ọ̀kan bọlẹ̀ bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà, ẹ wọ́n omi, ẹ fi ọ̀rá bò ó. Ooru ló ń mú un hù, bí 25°C, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀; ẹ̀gbẹ́ bọ́ílà tàbí inú kọ́bọ́ọ̀dù tó móoru dára fún un. Ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má tú u wò. Lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i tó yọ orí, lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ ṣí ọ̀rá rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ síbi tó mọ́lẹ̀ jù nínú ilé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á gùn tẹ́ẹ́rẹ́, á ṣubú. Bí ẹ bá sì ń fa kọ́tìnì lálẹ́, ẹ gbé àwọn ike náà wá sí ìhà yàrá. Ààrin kọ́tìnì àti gíláàsì fèrèsé tutù ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Omi rẹ̀, láti ìsàlẹ̀: ẹ gbé ike náà sínú àwo omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ títí ojú ilẹ̀ rẹ̀ á fi dúdú, ẹ gbé e kúrò, kó ro dànù. Àkókò yìí náà ni igi ata tó ti wà nínú ilé látoṣù Kẹwàá máa ń tún yọ ọ̀mùnú. Ẹ wá lè máa fún un lómi bó ṣe yẹ, kí ẹ sì fún un ní ajílẹ̀ bí ewé rẹ̀ bá ti pé bíi mẹ́fà. Títí di òpin oṣù Karùn-ún, kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ sùn níta nínú wọn. Tòmátì, ẹ jẹ́ kó di oṣù Kẹta.